‘Bó’ àti ‘Bọ́’: Ohun Tí Ìpara Irorẹ́ Kọ́ Mi Nípa Iṣẹ́ Wa

Ní Òṣòdì, bí awọ ojú ọmọbìnrin kan bá ń ṣí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn ní fún un: ó ń bóra. Wọn kò ní béèrè bóyá dókítà ló kọ oògùn fún un tàbí ìpara tí wọ́n pò sínú ike ló rà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan péré, bó, ti dá ẹjọ́ náà tán. Èrò mi ni pé àìsí ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere lédè Yorùbá fún ìtọ́jú awọ ara ń ṣe àwọn èèyàn wa ní jàǹbá, àti pé iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni láti wá nǹkan ṣe sí i. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí èyí. Ojú ara mi ni mo fi kọ́ ọ.

Ọdún kejì mi ní Àkọkà ni irorẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Kì í ṣe èyí tó ń jáde lẹ́yọ kan tàbí méjì nígbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dé. Èyí tó le, tó ń dun èèyàn bó bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìrọ̀rí, tó sì ń fi àpá dúdú sílẹ̀ bó bá lọ ni. Màmá mi ní kí n máa fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n yé jẹ ẹ̀pà. Nígbà tó yá, mo lọ rí dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn ìjọba kan, ó sì kọ ìpara tretinoin fún mi, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.025%. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ṣàlàyé bí mo ṣe máa lò ó, èdè Òyìnbó sì ni gbogbo rẹ̀. Ó yé mi, torí èdè náà la fi ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ nígbà tí mo jáde, ìyá àgbà kan tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá na ìwé tirẹ̀ sí mi: “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí.” Mo kà á fún un. Mo ṣì máa ń rò ó pé bí mi ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí oògùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Tretinoin wà lára àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní retinoid, tí wọ́n jẹ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú fítámì A. Inú ihò kéékèèké tí irun ti ń hù lójú ni irorẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Awọ tó ti kú a lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀, òun àti ọ̀rá ara a dí ihò náà, kòkòrò a máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, ibẹ̀ a sì wú. Tretinoin kì í jẹ́ kí awọ tó kú lẹ̀ mọ́ra, ó sì ń mú kí awọ tuntun tètè jáde. Ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń gbẹ, tó máa ń ta èèyàn, tó sì máa ń ṣí ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Irorẹ́ tó ti fara pamọ́ sábẹ́ awọ náà lè rọ́ jáde pa pọ̀, kí ojú wá burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí èèyàn tó rí àǹfààní rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló le jù fún mi. Àgbọ̀n mi àti ẹ̀gbẹ́ imú mi ń ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ibi tó ṣí sì pupa ju ibi tó kù lọ. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní òpópónà wa wò mí tìtì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní: “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bóra ni? Àwọ̀ tí Ọlọ́run fún ẹ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn?” Mo ní: “Rárá o, mà. Oògùn irorẹ́ ni.” Ó pòṣé: “Ohun tí gbogbo wọn ń wí nìyẹn.”

Kò parọ́. Ohun tí gbogbo wọn ń wí nìyẹn lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti di ńlá. Ẹ lọ sí àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ìpara lọ́jà Òṣòdì, kí ẹ ní ẹ ń wá ìpara irorẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún yín ní ọ̀pá ìpara kan tí wọ́n po nǹkan mẹ́ta mọ́ra nínú rẹ̀: tretinoin, hydroquinone tó ń mú ara funfun, àti steroid. Ìdàpọ̀ yìí ní ìtàn. Albert Kligman, dókítà awọ ara ní Yunifásítì Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ̀wé jáde ní 1969 pé tretinoin ń ṣiṣẹ́ fún irorẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1971. Ní 1975, òun àti dókítà mìíràn tún kọ̀wé nípa ìpara tí wọ́n po tretinoin, hydroquinone àti steroid pọ̀ sí, láti fi mú àwọ̀ ara fúyẹ́. Kligman yìí kan náà ló ń fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n Holmesburg ní Philadelphia dán oògùn wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Wọn kò là á yé wọn bó ṣe yẹ. Ní 2021, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yunifásítì náà tọrọ àforíjì. Ẹ kíyè sí i: látìbẹ̀rẹ̀ ni oògùn yìí ti kan ara àwọn tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpara méjèèjì ló yẹ kí gbogbo ọlọ́jà àti oníbàárà mọ̀. Tretinoin nìkan máa ń kọ́kọ́ mú kí ojú burú, kó tó wá dára. Èyí tí wọ́n po steroid mọ́ máa ń kọ́kọ́ mú kí ojú dára, kó tó wá bàjẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, steroid lè mú kí gbogbo ibi tó wú lọ sílẹ̀, kí ojú máa dán. Ẹni tó rà á á máa yin ẹni tó tà á fún un. Bí oṣù bá ń gorí oṣù, awọ á di fẹ́lẹ́, iṣan á máa hàn lábẹ́ rẹ̀, bó bá sì fi í sílẹ̀, irorẹ́ á tún padà rọ́ dé. Ọ̀pọ̀ ló tìtorí àpá dúdú ra ìpara yìí, tí irorẹ́ tó ń dá àpá náà sílẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àwọn àgbà ti wí i pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Nítorí náà, ẹni tó ń lo oògùn tó tọ́ á jù ú nù ní ọ̀sẹ̀ kẹta, torí ojú rẹ̀ ń burú sí i, àdúgbò sì ń pè é ní abóra. Ẹni tó ń lo èyí tó léwu á máa bá a lọ, torí ojú rẹ̀ ń dán. Òfin wà lóòótọ́. NAFDAC ṣe ìlànà lórí ìpara tó ń bóra ní 2019, ní 2023 wọ́n sì kéde pé bíbóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì. Kódà, ọ́fíìsì wọn wà ní àdúgbò wa, ní Ìsọlọ̀, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá. Àmọ́ kí ni òfin lè ṣe fún ẹni tí kò lè ka ohun tó wà lára ọ̀pá ìpara, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó lè fi béèrè?

Màmá mi ló ràn mí lọ́wọ́ lórí èyí. Aṣọ òkìrìkà ló ń tà, ìwé mẹ́fà ló sì kà. Ó ti ní kí n da ìpara náà nù. Mo mú ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀, mo ń kà á fún un lédè Yorùbá. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti sọ pé awọ ojú á bó, ó dá mi dúró: “O ti fẹnu ara ẹ sọ ọ́.” Mo ní: “Màámi, ẹ gbọ́ mi ná. Awọ tó ti kú ló ń kúrò fúnra rẹ̀, irú rẹ̀ kan náà ló sì ń bọ̀ lábẹ́.” Ó rò ó díẹ̀, ó ní: “Ìyẹn ni pé ojú ẹ ń bọ́ awọ, bíi ti ejò?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní: “Kí ló dé tí o kò ti sọ bẹ́ẹ̀ látòní?” Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ṣàlàyé fún ìyá ẹlẹ́kọ, láti ọjọ́ náà ni ìyẹn sì ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ejò ti bọ́ awọ tán.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ wo ohun tí obìnrin yìí ṣe. À ń bó ọsàn, à ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀: ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ mú èèpo kúrò, inú tó yọ síta sì ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti èèpo. Bíbóra bá èyí mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ewé ń bọ́ lára igi, ìyẹ́ ń bọ́ lára adìyẹ, ejò sì ń bọ́ awọ. Ejò dúdú tó bọ́ awọ, dúdú náà ló ṣì jẹ́. Fáwẹ́lì kan ṣoṣo ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ọdún kìn-ín-ní ni wọ́n ti kọ́ wa pé o àti ọ jẹ́ fóníìmù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a sì kọ ọ́ nínú ìdánwò, a gba máàkì. Láàárín màmá mi àti ìyá ẹlẹ́kọ, fóníìmù méjèèjì ló pinnu bóyá mo máa lo oògùn mi tán.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí irú ẹ̀ka wa. Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe apá kejì ní 1990. Lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Herbert Igboanusi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èdè-ìperí fún HIV, AIDS àti Ebola ní èdè Haúsá, Ígbò àti Yorùbá. Àwọn àgbà ti lànà. Ohun tí mo ń béèrè fún kéré sí ìyẹn: kí ẹ̀ka wa gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá tó bá wù ú fi ìwé ìlò oògùn kan ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kó kọ ọ́ sí ojú ìwé kan lédè Yorùbá, kí àwọn tó ń kọ́ nípa oògùn ní Ìdí-Àràbà yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì kà á létí àwọn ọlọ́jà kí ó tó di títẹ̀. Bí kò bá yé wọn, kó tún un kọ.

Mo ti gbìyànjú ti tretinoin wò. Díẹ̀ nínú rẹ̀ rèé:

Alẹ́ ni kí o máa lò ó. Fọ ojú rẹ, kí o jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí o tó fi í pa á.
Èyí tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó fún gbogbo ojú. Má fi sí etí ojú, ihò imú tàbí ètè.
Bó bá ń ta ọ́ jù, máa fi alẹ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ láàárín, kí o sì fi ìpara tó ń mú ara rọ̀ kún un.
Ojú lè kọ́kọ́ burú, kó sì bọ́ awọ. Má tìtorí rẹ̀ fi kún oògùn náà.
Oòrùn tètè máa ń pa ojú tó ń lo oògùn yìí. Lo ìpara tó ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn, kí o sì dé fìlà tàbí gèlè.
Aláboyún àti ẹni tó ń wá ọmọ kò gbọdọ̀ lò ó. Kí wọ́n sọ fún dókítà.

Ẹ rí i pé mi ò kọ ọ́ pé oògùn náà “ń lé àrùn jáde”. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àgbo nìyẹn, ẹni tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lè rò pé bó bá ṣe ń jáde tó ni ó ń ṣiṣẹ́ tó, kó wá máa fi kún un. Lára aláwọ̀ dúdú, ibi tí oògùn bá jó lè fi àpá dúdú mìíràn sílẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé ọ̀dọ́ ló ń ní irorẹ́, ọ̀dọ́ sì gbọ́ èdè Òyìnbó. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ta ló ń sọ fún ọ̀dọ́ náà pé kó da oògùn nù? Ìyá rẹ̀ ni, àǹtí rẹ̀ ni, ẹni tó ń ta ẹ̀kọ fún un ni. Àwọn ni ìwé náà wà fún. Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ kì í wo irorẹ́ sàn. Mo gbà. Oògùn ló wo tèmi. Oṣù keje rèé, àpá díẹ̀ ló kù, àwọ̀ mi kò sì yí padà. Àmọ́ oògùn tí èèyàn jù nù ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò lè wo nǹkan kan sàn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ wà ní ilé ìwòsàn, ní iléeṣẹ́ oògùn tàbí ní iléeṣẹ́ rédíò, ẹ bá wa dá sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkọlé fún iṣẹ́ àṣekágbá ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ wo inú àpótí oògùn ilé yín. Ìwé tí wọ́n ká kéékèèké sínú páálí kọ̀ọ̀kan ń dúró de ẹni tó máa tú u.