Fọ́tò Etíkun Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Owó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò. Ó kan àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Faransé, ó sì kan àwa tí a wà nílé tí à ń wo fọ́tò wọn lórí tẹlifóònù.

Nínú oṣù Keje tó kọjá, ìyá kan wá bá wa nílé. Àwa la kọ́ ọmọ rẹ̀ ní CM2. Ọmọ náà ti di géńdé báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní Le Havre, ìlú ńlá kan létí òkun, ní apá àríwá ilẹ̀ Faransé. Ìyá yìí fi fọ́tò hàn wá. Ọmọ rẹ̀ jókòó létí òkun, ó wọ ṣòkòtò péńpé, glace wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ní: «Maître, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. A ní kó fi owó páànù ránṣẹ́, ó ní kò sí. Ṣé ẹni tí kò lówó ló ń ṣe fàájì báyìí?»

Alẹ́ ọjọ́ náà la pè é. Ó kí wa dáadáa, ó ní: «Maître, ẹ má bínú. Iṣẹ́ òru márùn-ún ni mo ṣe tẹ̀ léra wọn kí n tó ya fọ́tò yẹn. Euro mẹ́ta ni mo ra glace náà. Gbogbo ohun yòókù tí ẹ rí níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.»

Euro mẹ́ta kò pé 2 000 CFA. Kò lè ra páànù kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀, ìyá àti ọmọ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wò. Àwa tí a ka ìwé Faransé, láti kékeré la ti ń ké e bí orin: printemps, été, automne, hiver. À ń ké e, a ò mọ̀ ọ́n, nítorí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn nìkan la mọ̀ lọ́dọ̀ wa. Yálà oṣù Kẹfà ni tàbí oṣù Kejìlá, kí aago 7 ààbọ̀ alẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Ní Le Havre kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, ó máa ń tó nǹkan bí aago 9 àárọ̀ kí oòrùn tó yọ, bó bá sì di aago 5 ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru lè máà fojú kan oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ìparí oṣù Kẹfà ẹ̀wẹ̀, oòrùn á wà lójú ọ̀run títí di aago 10 alẹ́. Ẹni tó bá ti fara da òtútù àti òkùnkùn fún oṣù mẹ́fà, tí oòrùn wá yọ, ṣé inú ilé ni kó jókòó sí? Kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Olówó ń jáde, tálákà ń jáde, arúgbó ń jáde.

Kí ni wọ́n wá ń jáde lọ ṣe? Kò ju kékeré lọ. Wọ́n á wọ tram láti àárín ìlú, á gbé wọn dé etíkun gan-an. Kì í ṣe iyanrìn bíi ti Cotonou ló wà níbẹ̀, òkúta róbótó ni, tí wọ́n ń pè ní galets. Bí òkun bá fà sẹ́yìn ni iyanrìn tó máa ń hàn díẹ̀. Omi rẹ̀ tutù, àní nínú oṣù Kẹjọ. Àwọn ahéré pákó funfun wà ní ìlà, tí àwọn ìdílé ń kó àga àti agboòrùn wọn sí. Ẹni tí kò ní ahéré á tẹ́ aṣọ ìnura sórí òkúta, á gbé oúnjẹ jáde láti inú àpò rẹ̀. Ẹni tó bá lówó díẹ̀ lọ́wọ́ á jẹ moules àti frites. Àwọn yòókù á máa wo ọkọ̀ òkun ńláńlá tó ń wọ èbúté. Láti ọdún 2017, tí ìlú náà pé 500 ọdún, wọ́n máa ń kó iṣẹ́ ọnà sí ìgboro ní àkókò été. Ọ̀kan nínú wọn, container aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n tò wọ́n bí òṣùmàrè méjì. Ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ tún jẹ́ ká mọ̀ pé ìgbádùn yìí kò ṣàdédé wà. Ìlú òṣìṣẹ́ ni Le Havre. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944, bọ́ǹbù wó àárín ìlú náà palẹ̀. Auguste Perret àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló fi kọnkéré tún un kọ́, UNESCO sì fi í sára àwọn ogún ayé ní 2005. Ìsinmi pàápàá, ìjà ni òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé fi gbà á. Ní 1936, lẹ́yìn tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri, ìjọba Léon Blum ṣe òfin pé kí òṣìṣẹ́ máa sinmi fún ọ̀sẹ̀ 2 lọ́dún, kí owó rẹ̀ sì máa wọlé. Ní 1982, ó di ọ̀sẹ̀ 5. Òfin mìíràn wà láti 1986 tó sọ pé gbogbo ènìyàn ló ni etíkun, ọ̀fẹ́ sì ni. Nítorí náà, ọmọ wa tó jókòó síbẹ̀ kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń san owó orí. Ó ní ìpín tirẹ̀ nínú oòrùn yẹn.

Ohun tí a rò nìyí: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí sinmi, kí ẹ má sì fi ẹ̀rín wọn ka owó tó wà lápò wọn. Irin pàápàá, bí a bá ń lò ó láìdáwọ́ dúró, á gbóná, á bàjẹ́. Àbí ẹran ara? Àwa náà, bí ọjà Kétu bá tú, ṣé a kì í jókòó sábẹ́ igi, kí á ta ayò, kí á mu sódábì díẹ̀, kí á rẹ́rìn-ín? Ta ló ń bi wá pé èló ló wà lápò wa?

A mọ̀ pé àwọn kan á ní: «Maître, àwọn ọmọ náà ló fà á.» Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tó ń dúró ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ẹlòmíràn ya fọ́tò, tí wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ọlọ́run ti ṣe é. Ẹni tó bá tan ilé rẹ̀ jẹ báyìí, kó má bínú bí ilé bá béèrè owó. Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ̀ pé páànù tí ìyá náà ń béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òjò ń rọ̀ sí yàrá rẹ̀. Àìní rẹ̀ jẹ́ òótọ́, àárẹ̀ ọmọ rẹ̀ náà jẹ́ òótọ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń bú ọmọ nítorí glace euro mẹ́ta, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé kò ní fi fọ́tò hàn wá mọ́. A ti rí irú rẹ̀. Ọmọ á dínà mọ́ ẹbí lórí WhatsApp, àjèjì nìkan lá máa rí ẹ̀rín rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá, a ò ní gbọ́. Àjò kì í dùn kónílé má relé, àbí? Ilé wo ni ọmọ fẹ́ padà sí, bó bá jẹ́ pé ìbínú ló ń pàdé rẹ̀ níbẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, a bẹ̀ yín, ẹ máa sọ òótọ́ fún ilé. Ẹ sọ iye tí ẹ ń gbà àti iye tí ilé gbígbé ń kó lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, fọ́tò kò ní ẹnu. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí ọmọ yín létí òkun, ẹ kọ́kọ́ kí i pé ó kú ìsinmi. Ọ̀rọ̀ páànù lè tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ níwájú wa. Ohun àkọ́kọ́ tó bi í ni pé: «Ṣé omi yẹn ò tutù jù fún ọ?» Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Ní ìparí oṣù, owó páànù mẹ́rin wọlé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ èrò tiyín náà. Ire o.