Ẹ Yé Bú Ẹni Tó Fi Ìjọ Sílẹ̀

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Mowe tó fi ọdún 11 kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀. Nígbà tí ìbò ààrẹ ọdún 2023 ń bọ̀, wọ́n dárúkọ ẹni tí ọmọ Ọlọ́run tòótọ́ gbọ́dọ̀ dìbò fún láti orí pẹpẹ, wọ́n ní ti èṣù ni ẹni tó bá ṣe òdìkejì. Ó fọ aṣọ akọrin rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó dá a padà, kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní apẹ̀yìndà.

Irọ́ ni. Ẹni tó gbé ìbò gun pẹpẹ ló lé e.

Ojú ọ̀nà wa níbí, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Láti Ibafo títí dé kámpù Rìdíìmù, olóṣèlú wo ló ń wá ipò tí kò mọ̀ ọ́n? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ìjọ Rìdíìmù dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ìṣàkóso ìlú. Ọ̀pọ̀ ní torí Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ni, igbákejì ààrẹ nígbà náà, tó jẹ́ pásítọ̀ wọn. Ìjọ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ ẹgbẹ́ òṣèlú APC, tí Ọ̀ṣínbàjò náà ń dù, bọ́ sọ́wọ́ Bọ́lá Tinúbú, ẹni tí aya rẹ̀, Olúrẹ̀mí, jẹ́ pásítọ̀ nínú ìjọ kan náà. Tinúbú wá mú Kashim Shettima, Mùsùlùmí bíi tirẹ̀, ṣe igbákejì, ni ariwo bá sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri. Ẹ jọ̀wọ́, pásítọ̀ kan ń du tíkẹ́ẹ̀tì, ọkọ pásítọ̀ mìíràn ń du tíkẹ́ẹ̀tì kan náà: èwo ni ọmọ ìjọ yóò kọ̀ tí yóò fi di ọ̀tá Ọlọ́run?

Wọ́n á ní ṣé kí wòlíì panu mọ́ nígbà tí ìlú ń bàjẹ́ ni? Rárá o. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2020, Bàbá Adébóyè, olórí ìjọ Rìdíìmù, gbé pátákó lọ́wọ́, ó fẹsẹ̀ rìn ní Ẹ̀búté Mẹ́tta nítorí ìpànìyàn tó gbòde. Iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn nìyẹn. Kíké pé kí wọ́n má pa ènìyàn mọ́ yàtọ̀ pátápátá sí kíka orúkọ ẹni tí a ó tẹ̀ka fún.

Àwọn tó ń fi ìtìjú kan ẹni tó kúrò ti gbàgbé ilé. Ní ọdún 1888, ọ̀pọ̀ Onítẹ̀bọmi Èkó fi àwọn òyìnbó sílẹ̀, wọ́n dá ìjọ tiwọn. Ní 1891, lẹ́yìn ìyà tí àwọn òyìnbó fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, àwọn mìíràn kúrò nínú Áńgílíkà. Ní 1901, àwọn aláṣẹ Áńgílíkà fẹ́ mú James Johnson, olùṣọ́-àgùntàn ṣọ́ọ̀ṣì Breadfruit ní Èkó, kúrò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bínú jáde lọ dá Bẹ́tẹ́lì sílẹ̀; Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Kí ni wọ́n ń jà fún bí kì í bá ṣe ta ni yóò ṣàkóso ta? Òṣèlú ni. Lónìí, akíkanjú là ń pè wọ́n.

Ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì ní Amẹ́ríkà náà ti rí irú èyí. Ní 2008, wọ́n ka lẹ́tà nínú ìjọ wọn ní California pé kí ọmọ ìjọ fi owó àti àkókò rẹ̀ ti ìbò kan lẹ́yìn, èyí tó ní ọkùnrin àti obìnrin nìkan ló lè fẹ́ ara wọn. Ohun tí ìjọ gbà gbọ́ nípa ìgbéyàwó, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan tó ti lo gbogbo ayé wọn níbẹ̀ rí i pé ìbò ti di òṣùwọ̀n ìgbàgbọ́, wọ́n sì lọ. Ní 2023, àwọn olórí ìjọ kan náà kọ̀wé sí ọmọ ìjọ ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má kàn máa tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ kan láìyẹ̀ ẹ́ wò, pé ewu ni fún ìjọba àwa-ara-wa. Ìwé yẹn dára. Ó yẹ kí gbogbo pásítọ̀ ọ̀nà márosẹ̀ wa kọ irú rẹ̀ kí ìbò 2027 tó dé.

Aládùúgbò mi ṣì ń kọrin. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Pásítọ̀ rẹ̀ mọ ilé náà. Ó ti jẹun níbẹ̀ rí. Kí ó wá kanlẹ̀kùn, kí ó gbé aṣọ akọrin yẹn lọ́wọ́, kí ó sì bẹ̀ ẹ́.