Ẹni tí ó wá dá Ifá ni ó mọ ẹsẹ tí ó kan òun



Àwọn ọ̀dọ́ babaláwo kan ń sọ ọ̀rọ̀ kan lóde òní tí n kò fara mọ́. Wọ́n ní ẹni tí ó bá gbé ìdààmú ọkàn rẹ̀ tọ àwọn onímọ̀ nípa ìwà àti ìrònú ẹ̀dá lọ ti gbàgbé orísun rẹ̀, pé ìtàkúrọ̀sọ lásán ni iṣẹ́ àwọn wọ̀nyẹn. Mo ti ka ìwé ọ̀kan nínú wọn, Carl Rogers, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1902, tí ó sì papòdà ní 1987. Ohun tí ọkùnrin náà fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri, orí ẹní Ifá ni ó wà, àwa tí a jókòó tì í ni a sì ń gbé e sọ nù.

Rogers ṣiṣẹ́ fún ọdún 12 ní ìlú Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, pẹ̀lú àwọn ọmọdé tí wọ́n níṣòro. Ó sọ ìtàn ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ya ìpáǹle. Ó ti dá Rogers lójú pé ìyá náà ni kò fẹ́ràn ọmọ láti kékeré, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi sùúrù ṣàlàyé títí, ọ̀rọ̀ kò wọlé. Ó ní kí àwọn fi mọ síbẹ̀, obìnrin náà sì gbà. Bí ó ti ń lọ, ó yíjú padà, ó béèrè bóyá wọ́n máa ń gba àgbàlagbà níbẹ̀. Ó padà jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú ọ̀ràn òun àti ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò jọ èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ rárá. Láti ìgbà náà ni Rogers ti gbà pé ẹni tí ọ̀ràn ń dùn ni ó mọ ibi tí ó ti ń dun òun, òun ni kí ó sì máa tọ́ka ọ̀nà. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1942, oníbàárà ni ó pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò pè é ní aláìsàn. Ó ní kí olùrànlọ́wọ́ má ṣe ojú ayé, kí ó gba oníbàárà tọwọ́tẹsẹ̀ láìdá a lẹ́jọ́, kí ó sì fi ojú onítọ̀hún wo ayé. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín pé ó kàn ń tún ọ̀rọ̀ sọ bí odídẹrẹ́ ni. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú àtigbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn délẹ̀ rí mọ̀ pé iṣẹ́ odídẹrẹ́ kọ́.

Ẹ wo ìlànà tí àwọn àgbà fi lé wa lọ́wọ́. Ẹni tí ó wá dá Ifá kì í kọ́kọ́ rojọ́ fún babaláwo. Yóò sọ ọ̀ràn inú rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó, yóò gbé e kalẹ̀. Babaláwo kò gbọ́. Odù yóò jáde, babaláwo yóò máa kì í, ẹsẹ kan lẹ́yìn òmíràn, títí ẹni náà yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Òun ni yóò wí pé, "Baba, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn." Nígbà tí a bá sì ń béèrè bóyá ire ni Ifá fọ̀ tàbí ibi, ọwọ́ rẹ̀ ni ìbò ń wà. Ta ni ó wá dá Ifá náà? Àwọn méjèèjì ni. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tí ó kọ́ mi kò fi gbà kí ọmọ awo mọ ẹsẹ kan ṣoṣo lórí odù kan. Ó ní ẹni tí kò ní ju ẹ̀wù kan lọ, gbogbo àlejò ni yóò fi ipá wọ̀ ọ́ fún.

Ṣùgbọ́n kí ni à ń gbọ́ lónìí? Ènìyàn kò tíì jókòó tán tí awo fi ń pàṣẹ: "Ìyá rẹ ni ó ń bá ọ jà." Obìnrin kan tí oyún ti bàjẹ́ mọ́ lára lẹ́ẹ̀mejì tọ̀ mí wá. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí kò kí ìyá tí ó bí i, nítorí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ kan péré ni wọ́n kì fún un. Mo kì títí, ó gbọ́ títí. Èyí tí ó ní kí n tún kì kò mẹ́nu kan ìyá kankan; ti ẹni tí ó dá ẹrù ìbànújẹ́ gbé ni. Ó sunkún, n kò dá a lẹ́kun. Lẹ́yìn náà ni a wá mú ọ̀rọ̀ ẹbọ, mo sì ní kí ó lọ rí dókítà, nítorí àyẹ̀wò kan wà tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò lè ṣe.

N kò bá Rogers rin gbogbo ọ̀nà náà o. Kì í fẹ́ sọ ohun tí oníbàárà yóò ṣe fún un. Awo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ tí Ifá bá rán wa ni a óò jẹ́, bí ó korò bí ó dùn. Ẹni tí omi ń gbé lọ, ọwọ́ ni a ń nà sí i. Ibi tí mo ti bá Rogers lọ ni pé kí a gbọ́ kí a tó sọ.

Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, Abẹ́òkúta: àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn ń gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Dókítà tí ó kàwé dé òkè òkun ni o, kò sì kà á sí ìtìjú láti bá wa jókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nísinsìnyí bóyá kí òun lọ bá irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ń ní kí ó lọ. Bí ó bá padà dé, ẹní wà nílẹ̀.