Ife-ẹ̀yẹ bọ́ lọ́wọ́ Super Eagles, ti Emùré ju ọ̀rọ̀ eré lọ

Lẹ́yìn tí Ivory Coast fi góólù méjì sí ẹyọ kan gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ Super Eagles lọ́wọ́ lọ́jọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 2024, ohun tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń bi kóòṣì ni ìdí tí ikọ̀ tó kọ́kọ́ jẹ góólù fi fà sẹ́yìn.

Ìbéèrè tó tọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù ú lọ wà nílẹ̀ ní gúúsù Èkìtì. Lọ́jọ́ 2, oṣù náà, tí góólù Lookman lé Angola lọ sílé, àwọn ọmọ iléèwé Emùré tí wọ́n jí gbé lọ́jọ́ 29, oṣù Kìíní, ṣì wà lákàtà àwọn ajínigbé. Ọjọ́ 4 ni wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀. Wọ́n ti pa awakọ̀ wọn.

Ife-ẹ̀yẹ tó bọ́ lónìí lè padà wá lọ́la, ẹ̀mí kì í padà. Bí aráàlú ṣe ń béèrè lọ́wọ́ kóòṣì, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ààbò ọ̀nà wà níkàáwọ́ wọn.