Kọ̀ǹpútà Láti Ìlú Òkèèrè: Ẹ Yẹ Ara Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Tanná Sí I

 

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà táwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó ni mo mú wá lónìí. Àwọn kan nínú wa ń fi ṣírò ọjà, àwọn mìíràn gbà á fún ọmọ tó ń kàwé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìkánjú wa ti pọ̀ jù. Ta ni nínú wa tó máa ra ẹ̀wà láì bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀? Ta ló máa ra aṣọ láì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò? Kí ló wá dé tí kọ̀ǹpútà bá dé, tí a ó kàn sáré kì í bọ iná?

Iná Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí tiwa. Fóltì 120 ni tiwọn, 230 ni tiwa. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 120 nìkan, bó bá mu iná wa, jíjóná ló máa jó. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kò ní wàhálà, nítorí ṣájà wọn ń gba méjèèjì. Ẹ wo ara ṣájà náà níbi tí wọ́n kọ INPUT sí. Bí ẹ bá rí 100-240V, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ 110 tàbí 120 nìkan, ẹ má kì í bọ iná o, àfi tí ẹ bá ní tráńsífọ́mà tó ń dín iná kù.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ńkọ́? Àwọn ti àtijọ́ sábà máa ń ní bọ́tìnì pupa kékeré lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Orí 230 ni kó wà kí ẹ tó tàn án. Ẹ yẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bá a wá wò pẹ̀lú.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí mo ti ra adápítọ̀.” Ẹ gbọ́ o: adápítọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà káàkiri, ẹnu plọ́ọ̀gì nìkan ló ń yí padà, kò kan agbára iná.

Ti London rọrùn, torí iná wọn àti plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn bá tiwa mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ra ti Faransé ní Kútọnu, ẹ wo ojú bọ́tìnì rẹ̀. Ibi tí Q wà lára tiwa, A ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹni tí tiwa ti mọ́ lọ́wọ́ á máa ṣì í tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gàrántì ló dùn mí jù. Gàrántì ẹ̀rọ mìíràn kò kọjá ìlú tí wọ́n ti tà á. Bó bá bàjẹ́ níbí, àpò yín ni owó àtúnṣe ti máa jáde. Èyí tí ẹ pè ní pọ́ọ́kú lè wá wọ́n ju ti ọjà wa lọ.

Nítorí náà, kí ọmọ tó sanwó lọ́hùn-ún, ẹ ní kó bèèrè nǹkan mẹ́ta: iná, bọ́tìnì, gàrántì. Òógùn ojú ọmọ ni owó yẹn. Abéèrè kì í ṣìnà. Ajé á jẹ́ tiwa o.