Igi kan ló wó sódò, ni Òṣogbo bá ṣòfin

Ẹ bi ọmọ Òṣogbo tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu bàbá rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ igi ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn, ọdẹ, ló ń wá omi kiri nígbà tí ọ̀dá dá wọn lóró ní Ìpólé. Wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó kí wọ́n lè tẹ̀dó síbẹ̀. Àfi gbàgà! Igi ńlá tí wọ́n gé wó sínú odò. Ni ohùn kan bá jáde látinú omi pé ìkòkò aró òun ni wọ́n fọ́ yẹn o. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n kẹ́rù wọn, wọ́n bọ́ sókè, ibẹ̀ ni ìlú wà dòní. Igbó tí wọ́n fi sílẹ̀ di ti Ọ̀ṣun. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gégi níbẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ dọdẹ, ẹja inú odò pàápàá, èèwọ̀ ni.

Òfin náà ò nílò ọlọ́pàá nígbà yẹn, ìbẹ̀rù ni ọlọ́pàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà ń gbó. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onísẹ́ àgbẹ̀ ìjọba gba apá kan igbó ọ̀hún, wọ́n gé igi ibẹ̀, wọ́n gbin tíìkì sí i. Nígbà tó fi máa di ẹ̀yìn 1950, àwọn àwòrò kan ti kúrò nídìí òrìṣà, àwọn ọdẹ ń yìnbọn, apẹja ń dẹ àwọ̀n, àwọn tó ń ta ilẹ̀ sì ń wo igbó náà bí ológbò ṣe ń wo ẹran.

Obìnrin òyìnbó kan, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló kó sí wọn lẹ́nu. Susanne Wenger lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Àdùnní Olórìṣà ni Òṣogbo ń pè é. Ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà, Ọba Adénlé tó jẹ́ Àtáọ́jà nígbà náà sì tì í lẹ́yìn. Kí lobìnrin yìí ṣe? Òun àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú, bíi Adébísí Àkànjí àti Kàsálí Àkàngbé, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ère sínú igbó: ère sìmẹ́ńtì gàgàrà, ère igi, wọ́n mọ ògiri, wọ́n ṣe géètì. Ẹni tó bá wá wọn pílọ́ọ̀tì, ojú ère ló máa kò. Ká sòótọ́, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn àwọn ère náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún lè ní igbó ọ̀hún ò lólówó.

Ìwé ìjọba tẹ̀ lé e. Ní 1965, ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan níbẹ̀ di ohun àjogúnbá tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bà jẹ́. Ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ kan gbogbo igbó náà, hẹ́kítà 75. UNESCO sì gbà á wọlé ní 2005. Àdùnní kú ní 2009, lẹ́ni ọdún 93. Igbó rẹ̀ wà níbẹ̀. Igbó òrìṣà ìlú tiyín ńkọ́? Àbí ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí?

Èkó gba ọ̀nà tiẹ̀. Láti 2011 ni àjọ LASPARK ti wà lábẹ́ òfin, ẹni tó bá sì fẹ́ gé igi, ó yẹ kó kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Lánlọ́ọ̀dù mélòó ló mọ̀? Ewé fúrúùtù ń dí gọ́tà, ààyè ṣọ́ọ̀bù méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó parí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, igi ti lọ. Ayálégbé tó ń fi òjìji rẹ̀ sinmi ló kù tó ń làágùn nínú yàrá. Kò sí ohùn kankan tó máa jáde látinú gọ́tà.

Òfin Òṣogbo pàápàá ní ibi tó mọ. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ń bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ibi táwọn èèyàn ti ń wa góòlù. Omi náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n má mu ún mọ́. Àṣẹ Àtáọ́jà kò dé ọ̀dọ̀ awakùsà tó wà lókè odò. Igi kì í wó sódò mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pọn omi Ọ̀ṣun lọ́jọ́ ọdún, inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.