Ìbẹ̀rù Kì í Ṣe Ọgbọ́n

Àwọn kan ń wí pé kí ọmọ ẹni má ṣe lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, nítorí pé ikú mbẹ níbẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn òyìnbó tí ilẹ̀ tiwa jẹ́ òkèèrè fún. Ní ọdún 1841, wọ́n fi ọkọ̀ mẹ́ta gòkè odò Ọya, Àjàyí Crowther sì bá wọn lọ. Nínú òyìnbó 145, ó lé ní 40 tí ibà pa. Ní ọdún 1854, Crowther tún bá Dókítà Baikie gòkè odò kan náà. Baikie ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kuníìnì lò. Ibà kò sì pa ẹnì kan nínú wọn. Odò kò yí padà, ẹ̀fọn kò dín. Ìmọ̀ ni ó pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi ìbẹ̀rù sé ọ̀nà mọ́ ọmọ. Ẹ má sì ṣe yin aláìbìkítà tí ó wọ ọkọ̀ láìbéèrè. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ béèrè àrùn ilẹ̀ náà, òfin rẹ̀, àti ẹni tí yóò gbà yín sí ilé. Lẹ́yìn èyí, ẹ dìde, kí ẹ máa lọ.